Owó tó ń léfòó: bí ọdún 1973 ṣe tú owó ayé kúrò lẹ́èèkàn

Ìyá kan wà ní ọjà Balógun tí mo máa ń ra lésì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá bi í pé èló ni, fóònù ló máa kọ́kọ́ gbé, á wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, lésì yìí ti wà ní ṣọ́ọ̀bù láti oṣù tó kọjá, ẹ tà á bẹ́ ẹ ṣe rà á." Ó ní, "Ọmọ mi, bí mo bá tà á bẹ́ẹ̀, owó tó o bá san fún mi ò ní ra irú ẹ̀ mọ́."

Ohun tó ń sọ ni wọ́n ń pè ní "float", pé kí owó máa léfòó. June 2023 ló gba ìgboro Èkó kan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti wà láyé. Ọdún 1973 ni.

Ká tó mọ léfòó, ká kọ́kọ́ mọ ìso. Ní July 1944, nígbà tí ogun Hitler ń lọ sópin, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 44 pàdé ní Bretton Woods, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n so dọ́là mọ́ wúrà, dọ́là 35 fún ounce kan. Wọ́n wá so owó àwọn yòókù mọ́ dọ́là. Bí ìgbà téèyàn so àgùntàn mọ́ màlúù ni, tó wá so màlúù mọ́ igi ìrókò. Àgùntàn á jẹko yíká, àmọ́ kò lè rìn jìnnà. Ẹni tó ń kó ọjà wọlé mọ iye tó máa san lóṣù mẹ́ta sí i.

Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló tú okùn. Dọ́là tó wà lọ́wọ́ àwọn ará òkèèrè ti pọ̀ ju wúrà tó wà nílé ìṣúra rẹ̀ lọ, ogun Vietnam sì ń gbé owó mì. Ní 15 August 1971, Ààrẹ Nixon kéde pé òun ò ní fi wúrà gba dọ́là lọ́wọ́ ìjọba kankan mọ́. Wọ́n gbìyànjú láti tún un so, kò mú. Nígbà tó fi di March 1973, Jàpáánì àti àwọn orílẹ̀-èdè ńlá Yúróòpù ti tú owó tiwọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà, owó di ata rodo. Bí ata bá ya wọ Mile 12, á di pọ́ọ́kú. Bí mọ́tò ò bá dé láti Òkè Ọya, á gbówó lórí. Ẹni tó fẹ́ rà àtẹni tó fẹ́ tà ló ń dá iye owó sí i. Léfòó náà nìyẹn.

Ọdún yẹn gan-an ni àwa náà pààrọ̀ owó. Ní 1 January 1973, náírà àti kọ́bọ̀ dé, pọ́n-ùn kan di náírà méjì. Ẹnu àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó ò tètè gbà á: kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ṣílè kan ni wọ́n ń pè é, kọ́bọ̀ márùn-ún, sísì. Náírà kan ju dọ́là kan lọ nígbà náà! Lóṣù kan náà ni gbogbo Áfíríkà wá díje eré ìdárayá ní Pápá Ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè. Ẹni tó bá rí àsìkò yẹn, ojú rẹ̀ á tàn bó bá ń sọ ọ́.

Ní October, ogun bẹ́ láàárín Íjíbítì, Síríà àti Ísírẹ́lì. Àwọn Lárúbáwá tó ní epo dín epo kù, wọ́n sì ní àwọn ò tà fún Amẹ́ríkà mọ́. Àgbá epo rọ̀bì kan, tó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là mẹ́ta, kọjá dọ́là 11 nígbà tó fi di January 1974. Nàìjíríà, tó ti wọ OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì, láti 1971, ò bá wọn ti ilẹ̀kùn, àmọ́ iye tuntun lòun náà ń ta tirẹ̀. Dọ́là ya wọlé bí òjò. Lójú tèmi, ibí ni ìdààmú wa ti bẹ̀rẹ̀. A rò pé náírà ló lágbára, àṣé epo ló lágbára. Ọjà òkèèrè wá rọrùn-ún rà ju tilé lọ, débi pé ní 1975 ọkọ̀ tó kó símẹ́ǹtì wá tò lọ súà lójú omi Àpápá, wọn ò ráyè já ẹrù.

Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi èyí mú: owó àwọn orílẹ̀-èdè ńlá léfòó ní 1973, náírà ò léfòó. Ìjọba ló ń dá iye sí i. Nígbà tí epo já wálẹ̀ ní 1986, apá ìjọba ò ká a mọ́. September ọdún náà ni wọ́n ṣí ọjà dọ́là tí wọ́n pè ní SFEM, náírà sì rì. Láti ìgbà náà, wọ́n á tú u, wọ́n á tún so ó. Ní June 2023 tí wọ́n tún tú u, dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí náírà 470 ní báńkì fò kọjá 600 lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Léfòó kì í ṣe rírì o. Dọ́là kan tó jẹ́ yen 360 láyé Bretton Woods ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi yen 80 ní 1995, nítorí gbogbo ayé ló ń du ọkọ̀ àti rédíò tí Jàpáánì ń ṣe, yen sì ń gbówó lórí. Epo rọ̀bì ni ayé ń wá lọ́wọ́ tiwa ní 1973. Títí dòní, òun náà ló ṣì pọ̀ jù nínú ohun tá à ń tà fún wọn.