Ìtọ́ka sí anime àti géèmù nínú kàtúùnù orí tẹlifíṣọ̀n

Ìtọ́ka sí anime àti géèmù ni gbogbo ibi tí àwọn tó ń ṣe kàtúùnù fún tẹlifíṣọ̀n ti mú nǹkan látinú anime, ìyẹn kàtúùnù ilẹ̀ Jàpáànù, tàbí látinú géèmù fídíò wọ inú iṣẹ́ tiwọn, tí wọn kì í sì í sábà dárúkọ ibi tí wọ́n ti mú un. Ó lè jẹ́ bí ẹnì kan ṣe dúró kó tó jà, ó lè jẹ́ ìró kan tó dún lẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ odidi epísóòdù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á rí i, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n á máa wò lọ, ìtàn náà á ṣì yé e.

Kàtúùnù Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú àpilẹ̀kọ yìí torí ibẹ̀ ni ìtọ́ka ti pọ̀ jù. Irú èyí tó wà nínú àwòrán fúnra ẹ̀, ìyẹn bí ara ṣe ń lọ àti ibi tí kámẹ́rà dúró sí, ló gba àyè jù níbí. Àwàdà tó kàn dárúkọ géèmù kan kó tó kọjá lọ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, kò sì yẹ ká pẹ́ lórí ẹ̀.

Ìtàn ránpẹ́

Àtijọ́ ni Jàpáànù àti Amẹ́ríkà ti ń mú nǹkan lọ́wọ́ ara wọn. Osamu Tezuka tó ṣe Astro Boy, tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n Jàpáànù ní 1963, fẹ́ràn iṣẹ́ Disney àti ti iléeṣẹ́ Fleischer gan-an, ibẹ̀ sì ni ojú ńláńlá tí gbogbo èèyàn wá mọ̀ mọ́ anime ti ní gbòǹgbò. Hayao Miyazaki, tóun náà ń ṣe anime, rí róbọ́ọ̀tì kan nínú kàtúùnù Superman tí Fleischer ṣe ní 1941, The Mechanical Monsters, ó lo irú ẹ̀ nínú epísóòdù Lupin III kan ní 1980, ó tún gbé e jáde nínú fíìmù ẹ̀ Laputa ní 1986. Torí náà tí ayàwòrán Amẹ́ríkà bá mú róbọ́ọ̀tì Miyazaki lónìí, ohun tó ti ọ̀dọ̀ wọn lọ tẹ́lẹ̀ ló tún padà wálé yẹn.

Speed Racer, anime kan nípa eré ọkọ̀, wọ Amẹ́ríkà ní 1967, ó sì pẹ́ kí àwọn tó wò ó ní kékeré tó dé ipò tí wọ́n á fi lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí Dexter's Laboratory ṣe ṣe nínú epísóòdù "Mock 5" (Mach 5 ni ọkọ̀ Speed Racer ń jẹ́). Àmọ́ ohun tó yí gbogbo nǹkan padà ni Toonami, ètò ọ̀sán tí Cartoon Network bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 1997. Ní 1998 Sailor Moon àti Dragon Ball Z ti wà níbẹ̀, ọmọ tó bá sì ti iléèwé dé ló ń jókòó tì í. Tí èèyàn bá fi NES, ẹ̀rọ géèmù tí Nintendo gbé wọ Amẹ́ríkà ní 1985, kún un, ó ti mọ ohun tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń ya kàtúùnù ní nǹkan bí 2010 fi ìgbà èwe wọn wò àti èyí tí wọ́n fi ta.

Ọ̀nà tó ń gbà wọlé

Oríṣi méjì ni kàtúùnù tó bá di ti bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nínú irú kìíní, bíi The Simpsons, South Park àti Futurama, àwọn òǹkọ̀wé ló máa kọ ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn sílẹ̀ kí ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Nínú irú kejì, bíi Adventure Time, Regular Show àti Steven Universe, ìlà ìtàn tó mọ níwọ̀n ni wọ́n á gbé fún àwọn tó ń ya stóríbọ́ọ̀dù, ìyẹn àwòrán kéékèèké tí wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn láti fi mọ bí eré ṣe máa lọ, àwọn yẹn náà ló máa wá ronú ọ̀rọ̀ ẹnu, àwàdà àti ìjà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n ṣe ń yà á.

Ìyàtọ̀ yìí ló fà á tí ìtọ́ka ò fi rí bákan náà káàkiri. Níbi tí òǹkọ̀wé bá ti ń tukọ̀, inú ìtàn ni ìtọ́ka á wà, wọ́n á yí orúkọ nǹkan padà díẹ̀ wọ́n á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí ayàwòrán bá ti ń tukọ̀, inú ìṣesí ara ló máa ń fara pamọ́ sí, bí irun ṣe fẹ́, bí ẹsẹ̀ ṣe balẹ̀, bí ojú ṣe tàn yòò kí iná tó jáde lọ́wọ́. Òǹkọ̀wé fẹ́ ká rẹ́rìn-ín ni. Ti ayàwòrán, ó jọ pé ó ń júbà ni, tàbí kó kàn jẹ́ pé bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n yà láti kékeré nìyẹn.

Àwọn èèyàn yìí tún máa ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíì. Pendleton Ward, J.G. Quintel àti Alex Hirsch jọ ṣiṣẹ́ lórí The Marvelous Misadventures of Flapjack (2008) kí kálukú tó lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀, Ward dá Adventure Time, Quintel dá Regular Show, Hirsch dá Gravity Falls. Rebecca Sugar ya stóríbọ́ọ̀dù fún Adventure Time kó tó bẹ̀rẹ̀ Steven Universe ní 2013. Ian Jones-Quartey náà ti Adventure Time bọ́ sí Steven Universe, òun ló wá ṣe OK K.O.! Let's Be Heroes ní 2017 (ọmọ ọmọ K.A.B. Jones-Quartey ni, ọmọ Ghana tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Nnamdi Azikiwe). Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí irú ìjà kan fi ń yọjú nínú kàtúùnù mẹ́ta tí ò tan mọ́ra wọn, orúkọ àwọn tó ya stóríbọ́ọ̀dù ni kó kọ́kọ́ lọ wò.

Alùpùpù inú Akira

Nínú gbogbo ìtọ́ka tó wà nínú àwòrán, kò sí èyí tí wọ́n ti lò tó èyí. Nínú fíìmù Akira tí Katsuhiro Otomo darí ní 1988, Kaneda ń sáré burúkú bọ̀ lórí alùpùpù pupa kan, ó ṣàdédé yí i fi ẹ̀gbẹ́ síwájú, táyà ń họ ilẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, èéfín àti iná ń tẹ̀lé e títí tó fi dúró. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Kámẹ́rà wà nísàlẹ̀, nítorí náà alùpùpù yẹn nìkan ló kún ojú.

Ìdí tí gbogbo èèyàn fi ń mú un ò ṣòroó mọ̀. Kò nílò ọ̀rọ̀ ẹnu, kò nílò jákẹ́ẹ̀tì pupa, kò tiẹ̀ nílò alùpùpù, ohunkóhun tó bá ń sáré tó sì ṣeé yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tó. Fún ayàwòrán ó tún jẹ́ ìdánwò, torí láti yí nǹkan tó wúwo látojú sí ẹ̀gbẹ́ kó má dà bíi páálí tí afẹ́fẹ́ ń gbé, tó bá jẹ́ pé ọwọ́ lèèyàn fi ń yà á, iṣẹ́ ńlá ni. Ó ti yọjú nínú Batman: The Animated Series, nínú Teenage Mutant Ninja Turtles, nínú Star Wars: The Clone Wars àti nínú Adventure Time, àwọn olólùfẹ́ anime sì máa ń kó wọn jọ sínú fídíò kan kí wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn.

Ó yẹ kéèyàn ṣọ́ra níbí ṣá. Kì í ṣe gbogbo alùpùpù tó bá yọ̀ nínú kàtúùnù ló ti inú Akira wá. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà, kí nǹkan náà sì dúró pátápátá lẹ́yìn tó ti yọ̀ tán. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ti sọnù, ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì tó ti mú un nínú Akira ni ayàwòrán yẹn ti rí i, ìyẹn sì yàtọ̀ sí kó tọ́ka sí Akira fúnra ẹ̀.

South Park, tó jẹ́ ti òǹkọ̀wé, ò wo alùpùpù rárá. Nínú "Trapper Keeper" (2000) ìtàn Akira ni wọ́n mú, Cartman dà pọ̀ mọ́ fáìlì iléèwé tó ní kọ̀ǹpútà nínú, ara ẹ̀ wá ń wú ń gbilẹ̀ bíi ti Tetsuo, ọ̀rẹ́ Kaneda nínú fíìmù náà.

Pokémon, 1997 sí 1999

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1997, epísóòdù Pokémon kan ní Jàpáànù gbé iná pupa àti búlúù tó ń ṣẹ́jú wàrà-wàrà jáde, bíi ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì gbé ọmọ tó tó 685 lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n dá ètò náà dúró títí di oṣù Kẹrin 1998. Porygon, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dá inú Pokémon, ni wọ́n fi pe orúkọ epísóòdù yẹn, òun ló sì jìyà ẹ̀, torí wọn ò jẹ́ kó kópa gidi nínú anime náà mọ́, bẹ́ẹ̀ mànàmáná Pikachu, ẹ̀dá míì nínú ẹ̀, ló tan iná yẹn.

The Simpsons mú un ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún 1999, nínú "Thirty Minutes over Tokyo", níbi tí ìdílé náà ti wo kàtúùnù róbọ́ọ̀tì kan ní Jàpáànù tí gbogbo wọn sì ṣubú lulẹ̀ tí gìrì mú wọn. Wọn ò gbé epísóòdù yìí sáfẹ́fẹ́ ní Jàpáànù. Kí ọdún tó parí South Park gbé "Chinpokomon" jáde (3 oṣù Kọkànlá 1999), níbi tí iléeṣẹ́ Jàpáànù kan ti ń fi bèbí àti géèmù sọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà di ọmọ ogun. Àwọn méjèèjì ń bu ẹnu àtẹ́ lu ariwo Pokémon ju bí wọ́n ṣe ń wo iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú ẹ̀ lọ.

South Park ọdún 2004 dáa ju ìyẹn lọ fíìfíì. Nínú "Good Times with Weapons" àwọn ọmọ náà ra ohun ìjà nínjà, nígbàkigbà tí wọ́n bá ń ṣeré jíjà wọ́n á di anime, ojú á gùn, iṣan á yọ, orin Jàpáànù á máa lọ lẹ́yìn. Wọ́n wá ju ìràwọ̀ irin kan lu Butters, àwòrán padà sí ti tẹ́lẹ̀, ọmọ kékeré tí irin wọ̀ lójú ló jókòó síbẹ̀ tó ń ké. Ibẹ̀ lèèyàn ti rí òǹkọ̀wé tó lo ìyàtọ̀ àwòrán fúnra ẹ̀ láti fi sọ ìtàn.

Géèmù

Ìtọ́ka sí géèmù rọrùn ju ti anime lọ torí píksẹ́ẹ̀lì, àwọn àmì kéékèèké onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń ya àwòrán géèmù àtijọ́, kì í fara pamọ́. Nínú "Marge Be Not Proud" (The Simpsons, 1995) Bart ń fẹ́ jí kaséẹ̀tì géèmù Bonestorm, Mario, Donkey Kong àti Sonic sì yọ sí i tí wọ́n ń tì í pé kó mú un. Futurama sọ ayé di géèmù ní 2002 nínú "Anthology of Interest II". South Park lọ bá Blizzard, iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù World of Warcraft, fúnra wọn fún "Make Love, Not Warcraft" (2006), inú géèmù yẹn ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú ẹ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Emmy ní 2007.

Nínú Regular Show, kọnsóòlù (ẹ̀rọ géèmù) tí Mordecai àti Rigby ń fi ta géèmù jọ Sega Master System, ẹ̀rọ tí Nintendo ti lù mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹni tó yàn án mọ ohun tó ń ṣe. BMO inú Adventure Time jẹ́ géèmù alágbèéká tó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀, Niki Yang tó ń sọ̀rọ̀ fún un sì wà lára àwọn tó ń ya stóríbọ́ọ̀dù fún kàtúùnù yẹn.

Paul Robertson, ọmọ Ọsirélíà, yẹ ní gbólóhùn tiẹ̀. Òun ló ya píksẹ́ẹ̀lì Rumble McSkirmish, oníjà bíi ti Street Fighter tó jáde látinú géèmù nínú "Fight Fighters" (Gravity Falls, 2012), òun náà wà lára àwọn tó fi píksẹ́ẹ̀lì ya ìbẹ̀rẹ̀ The Simpsons kan ní 2015. Rumble máa ń ju ara ẹ̀ bíi oníjà géèmù kódà tí ò bá ṣe nǹkan kan, àwòrán díẹ̀ tó ń yí po, ẹni tó ti fi páàdì mú oníjà rí á mọ ìmísí yẹn lójú ẹsẹ̀.

Ní 2019 OK K.O. gba Sonic gidi wọlé nínú "Let's Meet Sonic", Roger Craig Smith tó ń sọ̀rọ̀ fún Sonic nínú géèmù ló sì sọ ọ́ níbẹ̀. Ìyẹn ti kọjá ìtọ́ka, àlejò ni. Ti orin náà wà, Aivi àti Surasshu tí wọ́n ṣe orin Steven Universe fi ìró ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ dà pọ̀ mọ́ dùùrù.

Nígbà tí wọ́n pe àwọn ará Jàpáànù wá

Láti nǹkan bí 2014 àwọn kan ò fara wé anime mọ́, wọ́n ní kí ẹni tó ń ṣe é wá ṣe é. Masaaki Yuasa, adarí anime, ló darí "Food Chain" fún Adventure Time ní 2014, ó kọ ọ́ ó sì ya stóríbọ́ọ̀dù ẹ̀, ó hàn lára ẹ̀ torí ara Finn àti Jake, olórí eré méjèèjì, rọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ. Takafumi Hori láti iléeṣẹ́ anime Trigger ya apá kan nínú "Mindful Education" fún Steven Universe ní 2016. Ní 2022 The Simpsons fi anime Death Note ṣe "Death Tome" nínú "Treehouse of Horror XXXIII", DR Movie ní Kòríà ló yà á, iléeṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ lórí Death Note fúnra ẹ̀. Ìyẹn ni pé yẹ̀yẹ́ òǹkọ̀wé àti ọwọ́ ayàwòrán pàdé níbẹ̀.

Ipa àti ìtọ́ka

Avatar: The Last Airbender (2005) máa ń wà nínú irú àkójọ báyìí, àmọ́ ipa ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló jọ anime, kì í ṣe pé wọ́n mú ohun kan pàtó. Àwọn tó ṣe é, Michael DiMartino àti Bryan Konietzko, ò fi Miyazaki pamọ́, Appa tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà sì jẹ ọkọ̀ ológbò inú fíìmù ẹ̀ My Neighbor Totoro ní gbèsè. The Boondocks náà rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ ló jọ anime, àmọ́ ìjà Granddad nínú sísìn kìíní tọ́ka sí anime Samurai Champloo ní tààrà.

Ní Jàpáànù, iléeṣẹ́ anime Gainax yí i padà ní 2010, wọ́n fara wé kàtúùnù Amẹ́ríkà pẹ̀lú Panty & Stocking with Garterbelt tí Hiroyuki Imaishi darí, ìlà tó nípọn, orí tó tóbi, ariwo tó jọ ti Cartoon Network. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Imaishi wà lára àwọn tó dá Trigger sílẹ̀, ibi tí Hori ti wá, Trigger ló sì gbé apá tuntun Panty & Stocking jáde ní 2025.