Ọmọ tó mọ̀wé náà lè ní ADHD, ilé-ìwé sì gbọ́dọ̀ gbọ́

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹta, mo tú báàgì ìwé ọmọ wa kejì dà sórí tábìlì ilé ìdáná. Ike oúnjẹ rẹ̀ ni mo ń wá. Ohun tó jáde ni iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò mọ́kànlá tó ti rún wómúwómú nísàlẹ̀ báàgì, èèpo ọsàn gbígbẹ sì lẹ̀ mọ́ méjì nínú wọn. Mo fọwọ́ tẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe parí. Èmi ni mo jókòó tì í nígbà tó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, títí di aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà mìíràn, tí òun ń sunkún, tí èmi náà ń pariwo. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà. Kò kàn rántí mú wọn fún tíṣà ni. Nínú ìwé tíṣà, òdo ló wà níwájú gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú ìdánwò ìpínlẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn, ó wà lára àwọn tó gba máàkì jù ní kíláàsì kẹrin. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ìwé, wọ́n fi èsì ìdánwò yẹn hàn mí. Wọ́n ní ètò ìrànwọ́ wà fún àwọn ọmọ tí kò lè kàwé, ti tèmi mọ̀wé, kó ṣáà múra sí i. Nígbà tí mo gbé e délé, ẹ̀gbọ́n mi ní ìpáǹle ni ọmọ náà ń ṣe, kí n gbé e lọ sí Nàìjíríà fún ọdún méjì, wọn á bá mi tọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi àti ilé-ìwé kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n dì mú: pé ọmọ tí orí rẹ̀ pé kò lè ní ADHD, ìyẹn àìlera tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí àfiyèsí rẹ̀ tàbí kó ara rẹ̀ níjàánu, àti pé bí kò bá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, a jẹ́ pé kò fẹ́ ṣe é ni. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún méjì gbáko. Ó dùn mí títí di òní, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo sọ sí ọmọ yẹn lọ́dún méjì yẹn tí kò yẹ kí ìyá sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya òye sọ́tọ̀. ADHD kì í ṣe àìlóye. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nínú ọpọlọ ni alámòójútó tó ń sọ pé "dúró ná", "èyí ló kàn", "àkókò ti lọ", "má gbàgbé ìwé yẹn". Ọkà lè kún àká dé ẹnu, kí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání má sí nítòsí. Ní 2007, Philip Shaw àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìlera ọpọlọ ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwòrán ọpọlọ àwọn ọmọdé. Wọ́n rí i pé ọpọlọ ọmọ tó ní ADHD ń gbó bó ṣe yẹ kó gbó, àmọ́ ó ń pẹ́ dé ibẹ̀. Ibi tí èèpo ọpọlọ àwọn ọmọ yòókù ń dé ní nǹkan bí ọdún 7 àbọ̀, nǹkan bí ọdún 10 àbọ̀ ni tiwọn ń dé ibẹ̀. Apá iwájú orí, níbi tí ìkóra-ẹni-níjàánu àti ìṣètò ti ń wá, ló sì pẹ́ jù.

Ẹ wá ro ọmọ ọdún 10 tó ń ka ìwé tí ọmọ ọdún 14 ń kà, tó sì ń tọ́jú ẹrù rẹ̀ bí ọmọ ọdún 7. Inú ara ọmọ kan ṣoṣo ni méjèèjì wà, lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan kò sọ èkejì di irọ́.

Kì í sì í ṣe ohun tí fóònù kó wọ ayé. Ní 1902, George Still, dókítà àwọn ọmọdé ní London, bá àwọn oníṣègùn sọ̀rọ̀ ní Royal College of Physicians nípa àwọn ọmọ tí kò lè kó ara wọn níjàánu, bẹ́ẹ̀ òye wọn kò lábùkù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i.

Ìbéèrè tí gbogbo ènìyàn máa ń bi mí ni ti géèmù: ṣé ọmọ tó lè jókòó sídìí géèmù fún wákàtí mẹ́ta ni ẹ ní kò lè fọkàn sí nǹkan? Ìbéèrè tó dára ni. Géèmù ń san owó iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: ẹ tẹ bọ́tìnì, iná tàn, àmì pọ̀ sí i. Iṣẹ́ ìṣirò ogún tó jọra wọn kò san ohunkóhun títí di ọjọ́ tí tíṣà máa dá a padà. Ọmọ tó ní ADHD kò ṣaláìní àfiyèsí. Àṣẹ lórí rẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè ní kó lọ síbí kó sì lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tó bá fà á mọ́ra gbé e lọ pátápátá, èyí tí kò fà á, kódà bó ṣe pàtàkì tó, ṣe ló ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọgbọ́n orí wá máa ń bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan tó sì yé e lè la ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá láìṣí ìwé. Tó bá dé ibi tí tíṣà ti pé mẹ́fà, tí iṣẹ́ kan máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọgbọ́n nìkan kò tó mọ́, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, gbogbo ènìyàn á ní ó ti bàjẹ́. Ti àwọn ọmọbìnrin tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń wo ojú fèrèsé kò da kíláàsì rú, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.

Ní ti òfin, mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ l'Amẹ́ríkà. Abala 504 nínú òfin Rehabilitation Act ọdún 1973 ló ní ilé-ìwé tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ ọmọ dù ú nítorí àìlera. Wọn kò gbé òfin yìí fún ẹnikẹ́ni lórí àwo. Lẹ́yìn tí ìjọba fọwọ́ sí i, ó lé ní ọdún mẹ́ta tí wọn kò fi ṣe ìlànà tí yóò mú un ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹrin 1977, àwọn abirùn wọ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní San Francisco, Judith Heumann wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, wọ́n ní àwọn kò ní jáde. Wọ́n lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Black Panther ń gbé oúnjẹ gbígbóná wá fún wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà, mínísítà tí ọ̀rọ̀ kàn, Joseph Califano, fọwọ́ sí ìlànà náà. Nígbàkigbà tí ara mi bá ń kọ̀ láti tún bẹ ilé-ìwé wò, àwọn tó sùn sórí ilẹ̀ yẹn ni mo máa ń rántí.

Ohun tí òfin náà ń béèrè ni bóyá àìlera kan ń dí nǹkan pàtàkì lọ́wọ́ nínú ìgbé ayé ọmọ náà. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin àwọn aláìlera ní 2008, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2009, dárúkọ ìfọkànsí, ìrònú, ìwé kíkà àti ìkẹ́kọ̀ọ́ lára wọn. Ó tún ní kí wọ́n má wo bí oògùn ṣe ń ran ọmọ lọ́wọ́ kí wọ́n wá sọ pé kò ní nǹkan kan. Ní oṣù keje 2016, ẹ̀ka tó ń rí sí ẹ̀tọ́ aráàlú ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kọ̀wé sí àwọn ilé-ìwé lórí ADHD gan-an. Kókó rẹ̀ ni pé ọmọ lè gba máàkì tó ga kí àìlera ṣì máa dí i lọ́wọ́, nítorí àkókò àti wàhálà tó fi ń rí máàkì náà ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Máàkì kì í sọ iye tí wọ́n fi rà á. Nílé wa, wákàtí mẹ́ta àti ẹkún la fi ń ra iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú.

Òfin kejì, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 tí wọ́n ń pè ní IDEA báyìí, ló ń fún ọmọ ní IEP, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán mọ́ ọmọ kan ṣoṣo lára. Ìlànà rẹ̀ ti dárúkọ ADHD láti 1999, ó sì sọ ọ́ gbangba pé kò pọn dandan kí ọmọ fìdí rẹmi tàbí tún kíláàsì kà kó tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọmọ tó nílò kí wọ́n kọ́ ọ lọ́nà àkànṣe ni IEP wà fún. Èyí tí ohun tó wà láyìíká rẹ̀ nìkan nílò àtúnṣe, 504 sábà máa ń tó o.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe é lẹ́nu. Mo fi ẹnu sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sí àkọsílẹ̀ kan tó fi hàn pé mo sọ nǹkan kan. Ìgbà karùn-ún ni mo kọ lẹ́tà, ìlà mẹ́fà péré: orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀, pé mo ń béèrè fún àyẹ̀wò kíkún lábẹ́ IDEA àti abala 504, ohun mẹ́ta tí mo rí, àti ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Mo ya fọ́tò iṣẹ́ mọ́kànlá yẹn mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà. Lábẹ́ IDEA, bí òbí bá ti buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda, 60 ọjọ́ ni wọ́n ní láti parí rẹ̀, àfi ní ìpínlẹ̀ tó bá ní òǹkà tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé fún yín. Wọn kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ọmọ kọ́kọ́ máa lo oògùn ADHD kí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò tàbí kí àwọn tó gbà á sí kíláàsì. Ọ̀rọ̀ oògùn, ti òbí àti dókítà ni. Ẹni tí èdè Òyìnbó kò bá já geere lẹ́nu rẹ̀ lè ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún òun fún ìpàdé IEP. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ wa ni pé wọ́n á kọ orúkọ sí ọmọ wa lára. Ó yé mi. Ọmọ dúdú l'Amẹ́ríkà kì í pẹ́ rí orúkọ burúkú gbà, a kò sì fẹ́ fọwọ́ ara wa fún un ní òmíràn. Ṣùgbọ́n kí n tó béèrè ohunkóhun, ọmọ mi ti ní orúkọ: ọ̀lẹ. Tíṣà ń pè é bẹ́ẹ̀, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí dókítà ṣàlàyé ADHD fún un, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé kì í ṣe pé mo burú ni?"

Ohun tó wọ inú ìwé ètò ìrànwọ́ rẹ̀ níkẹyìn kò pọ̀. Tíṣà á gba iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jókòó, kò ní dúró dìgbà tó bá rántí. Bó bá ṣe ìṣirò mẹ́jọ àkọ́kọ́ tó sì tọ̀nà, kò ní ṣe méjìlá tó kù. Àkókò ìdánwò rẹ̀ gùn sí i. Ìwé kejì wà nílé. Wọn kò gbọ́dọ̀ gba ìgbà eré rẹ̀ láti fi jẹ ẹ́ níyà, nítorí sísáré yẹn ló ń jẹ́ kó lè jókòó. Mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní kúrò ní kíláàsì ìṣirò àwọn tó yára, torí wọ́n ti fẹ́ sọ fún mi pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni mo lè mú. Kò rí bẹ́ẹ̀: láti 2007 ni ìjọba ti kọ̀wé sí àwọn ilé-ìwé pé wọn kò gbọ́dọ̀ ní kí ọmọ fi ìrànwọ́ sílẹ̀ kó tó wọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, SENCO ilé-ìwé, ìyẹn tíṣà tó ń rí sí àwọn ọmọ tó nílò ìrànwọ́ àkànṣe, ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Òbí fúnra rẹ̀ sì lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n yẹ ọmọ wò fún EHCP, ìyẹn ìwé ètò ẹ̀kọ́, ìlera àti ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní láti fèsì bóyá wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nílé ní Nàìjíríà, níbi tí irú ìwé yìí kò sí, gbígba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kó tó jókòó kò gba owó lọ́wọ́ tíṣà kankan. Ẹ bá a sọ ọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án tó tẹ̀ lé e, tíṣà tuntun kò mọ̀ pé ìwé kankan wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, òdo márùn-ún ti tún dé, kí n tó mọ̀. Láti ìgbà náà, alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ àkọ́kọ́ ilé-ìwé ni mo máa ń fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo tíṣà rẹ̀, ojú ewé méjì péré. Mo máa ń fi ìlà kan tí kò sí nínú ètò náà kún un nísàlẹ̀: ó fẹ́ràn láti máa ṣàlàyé nǹkan fún ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè é jáde síwájú pátákó.