Ara ti rọ̀, inú ò tíì rọ̀: ibi tí yóga ti bẹ̀rẹ̀ gan-an

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sí kíláàsì mi, ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n, tàbí wọn ò rí oorun sùn, tàbí wọ́n ti wo fídíò ẹnì kan tó gbé ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn, wọ́n wá ní àwọn náà fẹ́ kọ́ ọ. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ tó bá ti ń pẹ́ díẹ̀, ìbéèrè wọn á yí padà, wọ́n á ní "Tíṣà, ara mi ti ń rọ̀ o, ṣùgbọ́n ìbínú mi ṣì wà bó ṣe wà." Àwọn tó ń béèrè báyìí ni mo ń kọ eléyìí fún.

Ẹ wò ó, ìwé táwọn ará Íńdíà ń pè ní Yoga Sutra, tí wọ́n ní Patanjali ló kó o jọ, ó ti lé ní 1,500 ọdún, ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú ló kún inú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 196, àwọn míì máa ń kà á sí 195. Nínú gbogbo ìyẹn, mẹ́ta péré ló sọ bó ṣe yẹ kéèyàn gbé ara ẹ̀: kí ìjókòó dúró ṣinṣin, kó sì tuni lára. Ọkàn ni ọ̀pọ̀ ìyókù ń bá wí. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn gan-an ló ti sọ pé iṣẹ́ yóga ni kí rúkèrúdò ọkàn rọlẹ̀, kí ẹni tó wà nínú wa tó ń wo gbogbo nǹkan lè wà ní ipò ara ẹ̀, torí láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó ń wò náà ló máa rò pé òun jẹ́. Inú ń bí ẹ, o wá rò pé ìbínú yẹn lò ń jẹ́.

Ìpele mẹ́jọ ló ní ká gbà débẹ̀. Àkọ́kọ́ kì í ṣe jíjókòó, kì í ṣe mímí, bá a ṣe ń bá ọmọ aráyé lò ni, wọ́n ń pè é ní yama. Ahimsa ló ṣíwájú nínú ẹ̀, ká má ṣe ẹ̀dá kankan níkà. Àwọn èèyàn á ní "èmi ò kúkú gbá ẹnikẹ́ni létí," wọ́n á sáré lọ sí èyí tó kàn. Ẹ dúró ná. Patanjali ní ọ̀nà mẹ́ta lèèyàn ń gbà ṣèkà: èyí tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, èyí tó ní kẹ́lòmíì bá òun ṣe, àti èyí tẹ́lòmíì ṣe tí òun fọwọ́ sí. Ẹ wo ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn dáadáa. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ gún ẹnì kan lára lórí Facebook, ẹ ò sọ nǹkan kan, ẹ kàn tẹ "like", ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín kan pé kóun náà wá wò ó. Ẹ ti bá wọn lọ́wọ́ sí i nìyẹn. Ó tún ní ojúkòkòrò, ìbínú àti àìmọ̀kan ló máa ń wà nídìí ẹ̀, yálà ó kéré ni o, ó mọ níwọ̀n ni o, tàbí ó pọ̀. Mo fẹ́ràn ibí yìí ju gbogbo ìwé náà lọ, torí ó hàn pé ẹni tó sọ ọ́ ti ṣọ́ ọkàn ara ẹ̀ pẹ́.

Tí èrò burúkú bá wá dé ńkọ́? Ó ní ká mọ̀ọ́mọ̀ gbé òdìkejì ẹ̀ wá sọ́kàn, ká sì ro ibi tí èyí àkọ́kọ́ máa já sí, pratipaksha bhavana ni wọ́n ń pè é. Bí mo ṣe ń ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe é rèé. Ká ní àbúrò ọkọ sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí yín lórí WhatsApp ẹbí, ẹ ti tẹ èsì tán, ó ku kẹ́ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Ẹ da ojú fóònù dé sórí tábìlì. Ẹ wá ibi tí ìbínú yẹn wà lára yín, àgbọ̀n ni àbí àyà, ẹ máa bá a níbì kan. Ẹ mí jáde kó gùn ju mímí sínú lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kẹ́ẹ wá ro ó pé tí mo bá fi eléyìí ránṣẹ́, báwo lalẹ́ òní ṣe máa rí nílé, ta ló máa gbọ́ sí i, ìgbà wo la tún máa jókòó jẹun pọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wá ohun kan ṣoṣo tí ẹni yẹn ti ṣe fún yín rí tó dáa. Ó máa ń le, àwọn míì á ní kò sí rárá, àmọ́ tí wọ́n bá fara balẹ̀ wọ́n á rí i. Tẹ́ẹ bá ṣe gbogbo ẹ̀ tán tí ọ̀rọ̀ ṣì wà láti sọ, ẹ sọ ọ́, torí satya, òótọ́, ló tẹ̀ lé ahimsa, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ẹ máa gbé ìyà mì.

Wọ́n sì máa ń bi mí nípa ẹ̀sìn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú ẹ̀sìn Hindu ni nǹkan yìí ti wá, kéèyàn fi ara ẹ̀ jin Ọlọ́run sì wà nínú ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Patanjali ò dárúkọ òrìṣà kankan níbẹ̀. Kí kálukú gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tiẹ̀.

Tó bá wá kan jíjókòó, tọ́kàn ń sá kiri, ẹ má bínú sí ara yín. Nínú Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ kan nínú ẹ̀sìn Hindu, orí 6, Arjuna tó jẹ́ jagunjagun sọ fún Krishna, òrìṣà tó ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, pé ọkàn yìí le é mú bí afẹ́fẹ́. Krishna ò bá a jiyàn, ó ní òótọ́ ni, àmọ́ abhyasa àti vairagya máa kápá ẹ̀, ìyẹn ni ká máa ṣe é lemọ́lemọ́, ká má sì rọ̀ mọ́ ohun tọ́kàn ń fà sí. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe ti àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀, wọ́n á jókòó láàárọ̀ kùtù, àmọ́ wọ́n á máa ṣọ́ bóyá wọ́n ti rí ìmọ́lẹ̀, tí wọn ò bá rí i inú wọn á bàjẹ́.

Ramana Maharshi, olùkọ́ ẹ̀mí kan ní Íńdíà, ní ọ̀nà kan tó rọrùn láti sọ. Ọmọ ọdún 16 ni nílùú Madurai lọ́dún 1896 nígbà tí ẹ̀rù ikú bà á lójijì, ó bá dùbúlẹ̀ gbọnrangandan bí òkú, ó ń bi ara ẹ̀ pé tí ara yìí bá kú, ṣé èmi náà kú ni? Kò pẹ́ sígbà yẹn tó fi lọ sídìí òkè Arunachala, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú lọ́dún 1950. Ó ní tí èrò kan bá dé, ẹ má bá a jà, ẹ béèrè pé ta ló ń ro ó? Èmi ni. Ta wá ni èmi? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu dáhùn, ẹ kàn dúró síbẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti aláboyún, ẹ má ṣe di èémí mú o, mímí wọ́ọ́rọ́wọ́ ti tó. Ẹni tí ìbànújẹ́ ti wọ̀ lára débi pé kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kó rí dókítà, jíjókòó pa ojú dé nìkan ò tó irú ẹ̀. Ní ti ìgbà tó máa gbà, Patanjali ní kó pẹ́, kó má já láàárín, kó sì tọkàn wá. Torí náà tẹ́nì kan bá ní ẹ sanwó, òun á mú yín dé samadhi, ìyẹn ìpele ìkẹjọ níbi tọ́kàn ti rọlẹ̀ pátápátá, lópin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀.