Bí ohun tó wà nínú fáìlì ṣe ń di ọ̀rọ̀ lójú wíńdò

Ẹni kan á gbé flash wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣómólú kí wọ́n bá òun tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó, orúkọ ìyàwó wà nínú fáìlì .txt, wọ́n á ṣí i, dípò Ṣadé, Ṣadé ló máa jáde. Ohun táwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ẹ́. Fáírọ́ọ̀sì kọ́ o. Kò sí nǹkan tó ṣe fáìlì yẹn, prógíráàmù tó ṣí i ló ṣì í kà.

Kò sí lẹ́tà kankan nínú fáìlì rárá. Nọ́ńbà ló kún inú ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn là ń pè ní báìtì, láti 0 dé 255, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Téèyàn bá kọ ade láìfi àmì sí i, 97, 100, 101 ló wà lórí dísìkì. ASCII, àdéhùn nípa nọ́ńbà tó dúró fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1963, ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àyè 128 péré ló ní, ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn wa ò sí níbẹ̀. Unicode, àdéhùn tó fún lẹ́tà onírúurú èdè ní nọ́ńbà, ló fún wọn láyè, UTF-8 tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992 ló wá ń sọ báìtì tí kálukú máa gbà. Ṣ gba mẹ́ta: 225, 185, 162. a gba ẹyọ kan, d náà ẹyọ kan, é gba méjì. Lẹ́tà mẹ́rin, báìtì méje.

Téèyàn bá wá tẹ Open, Windows tàbí Linux á kó àwọn báìtì yẹn látorí dísìkì wá sínú mẹ́mórì, kò kàn án ohun tí wọ́n túmọ̀ sí. Prógíráàmù ló máa sọ wọ́n di lẹ́tà, ibí yìí gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá fi UTF-8 kà á, nọ́ńbà mẹ́ta yẹn á para pọ̀ di Ṣ, àmọ́ tó bá fi Windows-1252 kà á, ìyẹn àdéhùn àtijọ́ ti Windows, tó jẹ́ pé báìtì kan lẹ́tà kan ni tiẹ̀, 225 á di á, 185 á di ¹, 162 á di ¢.

Àwọn tó ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù, ní Yaba máa ń bá èyí pàdé dáadáa. Lórí ọ̀pọ̀ Windows, téèyàn bá kọ open("oruko.txt") lásán, 1252 ló máa lò. Fáìlì tó ní Ọlá nínú á ṣí, bó tiẹ̀ rí wúruwùru, torí Ọ ńlá kàn máa di Ọ ni, àmọ́ ó dé orí Tọ́lá ó dúró, á gbé àṣìṣe UnicodeDecodeError jáde, ìyẹn ni pé kò lè ka báìtì yẹn, torí 141 ló parí ọ kékeré, 1252 ò sì ní nǹkan kan sí ipò 141. Ojútùú ẹ̀ ò gùn: open("oruko.txt", encoding="utf-8").

Tọ́rọ̀ bá ti di lẹ́tà, ó kù kó hàn. Nínú Tkinter, irinṣẹ́ tí Python fi ń ṣe wíńdò, insert("1.0", oro) ló ń kó o sínú àpótí ọ̀rọ̀, 1 ni ìlà àkọ́kọ́, 0 ni ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Àpótí yẹn á wá àwòrán lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú fọ́ǹtì, á wọn bó ṣe fẹ̀ tó, á ṣẹ́ ìlà tó bá kan etí wíńdò, á wá ya kìkì èyí tó hàn, ìyókù dìgbà téèyàn bá fà á wálẹ̀. ẹ́ ní tiẹ̀ jẹ́ ẹ pẹ̀lú àmì ohùn tó dá dúró, fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe dáadáa á gbé àmì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò orí, èyí tí ò ní in rárá á ya àpótí òfìfo.

Ibi tó yẹ kéèyàn ti ṣọ́ra jù ni Save. Tí Ṣadé bá hàn tẹ́nì kan sì tọ́jú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní UTF-8, á, ¹ àti ¢ náà á gba báìtì méjì méjì, Ṣ tó jẹ́ mẹ́ta á di mẹ́fà, nígbà yẹn ni fáìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́ lóòótọ́. Kí wọ́n pa á dé láìtẹ Save, kí wọ́n tún un ṣí, kí wọ́n sì mú UTF-8 níbi tí wọ́n ti ń yan encoding, ìyẹn àdéhùn tí wọ́n máa fi kà á.