Àlàfo inú ìwé eré: iṣẹ́ David Greig

Bí mo bá yá ẹni tí kò bá wa ṣe tíátà rí ní ìwé eré, ohun tó sábà máa ń sọ nígbà tó bá ń dá a padà ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé yìí ò pé." Kò rí ibi tí wọ́n ti ṣàpèjúwe ilé, kò mọ aṣọ tí ẹnikẹ́ni wọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló ń rí. Òótọ́ ló sọ. Ìwé eré kì í pé, kò sì yẹ kó pé. Àwa olùdarí, àwọn òṣèré àti ẹ̀yin tí ẹ wá wòran la jọ máa dí ibi tó ṣófo. Òǹkọ̀wé eré tó mọṣẹ́ ló ń mọ ibi tó yẹ kí àlàfo náà wà, díẹ̀ nínú àwọn tó wà láyé lónìí ló sì mọ̀ ọ́n tó David Greig, ọmọ Scotland.

Edinburgh ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1969, àmọ́ Nàìjíríà níbí ló ti ṣe kékeré. Ìgbà tó ti ń di géńdé ni wọ́n padà sílé. Mi ò ní sọ pé àwa la kọ́ ọ léré o. Ohun tí mo kàn rí ni pé ẹni tí kò mọ ibi tí òun ì bá pè nílé pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Europe, tí tíátà Traverse ní Edinburgh gbé jáde lọ́dún 1994, dá lórí bàbá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ tí ogun lé kúrò nílùú, tí wọ́n ń sùn ní ibùdókọ̀ ojú irin tí ọkọ̀ kì í dúró sí mọ́.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ń rọ́ wá. Ẹ jẹ́ ká fo púpọ̀ nínú rẹ̀, ká lọ sí ọdún 2011, sínú ilé ọtí.

National Theatre of Scotland, tó bẹ̀rẹ̀ eré ní 2006, kò ní gbọ̀ngàn tirẹ̀. Ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ti ń ṣeré. Ilé ọtí ni wọ́n gbé The Strange Undoing of Prudencia Hart lọ. Prudencia jẹ́ ọ̀mọ̀wé tó ń ṣèwádìí orin ìtàn àtijọ́. Ó lọ sí ìpàdé ní ìlú Kelso, yìnyín bo ọ̀nà, kò rí ilé lọ mọ́, ló bá bọ́ sọ́wọ́ Sàtánì. (Sàtánì ni mo wí, mi ò pe Èṣù.) Báwo lẹ ṣe máa rí yìnyín nínú ilé ọtí? Wọ́n ní kí àwọn tó jókòó ti ife ọtí wọn máa ya bébà ìnuwọ́ sí wẹ́wẹ́. Nígbà tó tó àkókò, wọ́n fọ́n ọn sókè. Ẹni tó bá ti dáhùn "ààlọ̀" rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: èèyàn kì í jáde nínú ìtàn tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

The Events, ti 2013, ló ṣòro jù. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Norway lọ́dún 2011. Claire, àlùfáà obìnrin, ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Ọmọkùnrin kan yìnbọn pa àwọn akọrin Claire, Claire wá ń wá bó ṣe máa mọ ìdí. Òṣèré méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ọmọkùnrin náà ló tún ń ṣe gbogbo àwọn tó kù tí Claire ń bá sọ̀rọ̀. Akọrin ńkọ́? Ẹgbẹ́ akọrin ìlú tí eré bá dé ni. Ẹgbẹ́ mìíràn ló ń wá lálaalẹ́, wọ́n ti kọ́ orin náà sílẹ̀, àmọ́ wọn ò tíì wo eré náà. Òṣèré lè ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá lójijì. Ti àwọn yìí kì í ṣe àṣehàn, ojú wọn ni àwọn òǹwòran ń wò.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Charlie and the Chocolate Factory, eré olórin ńlá tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Drury Lane ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan a máa yínmú sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ò yínmú. Ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò kì í san owó ilé.

Dunsinane, ti 2010, gba inú àlàfo tí Shakespeare fi sílẹ̀. Shakespeare ní ìyàwó Macbeth, ọba Scotland inú eré rẹ̀, ti kú. Greig ní rárá, ó wà láyé, ó lọ́mọ, àwọn ọmọ ogun England tó wá tún ìlú ṣe kò sì mọ bí wọ́n ṣe máa kúrò. Àwọn ọmọ ogun Britain ṣì wà ní Afghanistan nígbà náà.

Ní 2016 ó di olùdarí tíátà Royal Lyceum ní Edinburgh. Eré àtijọ́ ilẹ̀ Gíríìkì, The Suppliant Women, ló fi bẹ̀rẹ̀, nípa àwọn obìnrin tó sá wá láti Íjíbítì kí wọ́n má bàa fipá fẹ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìlú náà, tí kì í ṣe òṣèré, ló kó sórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí elégbè. Ó fi ipò náà sílẹ̀ ní 2025.

Bí ẹ bá fẹ́ ka iṣẹ́ rẹ̀, The Events ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì dá a kà. Ẹ wá ẹni méjì tí yóò ka ọ̀rọ̀, kí ẹ bẹ àwọn akọrin àdúgbò yín wá. Bí ẹ bá dé ibi orin, ẹ má fò ó. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ tán.