Ẹ̀dọ̀ Kì í Gbé Inú Àtẹ́lẹwọ́

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, bàbá kan láti Kubwa gbé ìwé aláwọ̀ mèremère wá bá mi níbi àyẹ̀wò. Wọ́n ní kó di irin kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kọ̀ǹpútà sì ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dáa, ìdọ̀tí díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ni wọ́n bá ta àgbo fún un, ìgò mẹ́ta. Mo ní, "Bàbá, ṣé wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín?" Wọn ò gba nǹkan kan.

Ogún ọdún ni mo ti ń ka ẹ̀jẹ̀. Irin kankan ò sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ sí mi létí rí.

Láyé ijọ́un, abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n fi ń bu ẹran ẹ̀dọ̀ láti wo àpá inú rẹ̀. Ní báyìí, a lè kọ́kọ́ fi èsì ẹ̀jẹ̀ àti ọjọ́ orí ṣírò FIB-4, nọ́ńbà tó ń sọ bóyá àpá ti pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Ti bàbá yìí rèé: ọdún 52, AST 88 àti ALT 64 (èròjà tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ tí nǹkan bá ń ṣe ẹ̀dọ̀), platelet (èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) 110. Ọdún lọ́nà AST, 52 lọ́nà 88, jẹ́ 4,576. Gbòǹgbò ALT la fi ń ṣírò platelet: 8 lọ́nà 8 ló bí 64, nítorí náà 110 lọ́nà 8, ó di 880. Fi 880 pín 4,576, ó di 5.2. Tí kò bá tó 1.3, ọkàn ẹ lè balẹ̀ díẹ̀. Tó bá kọjá 2.67, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀dọ̀. Àárín méjèèjì, ẹ lọ ṣe FibroScan, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó láti ìta ara. Fún ẹni tí kò tíì pé 35, ìṣirò yìí ò ṣeé gbára lé.

Platelet gan-an ló ń bí mi nínú. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti gan, ẹ̀jẹ̀ á padà sẹ́yìn, ọlọ inú á wú, á sì máa há platelet mọ́ra. Ṣùgbọ́n ibà lásán náà ń fà á wálẹ̀! Ẹ ń gbọ̀n, ẹ ń làágùn, ẹ sì ní ká wo ẹ̀dọ̀. Ẹ tọ́jú ibà ná. Àwọn kan á tún gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò olómorí àwọ̀ àlùkò, wọn ò ní rọra yí i sókè-sódò, á dì. Ẹ̀rọ á ka 40, ìyàwó á ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Mo ti rí i, wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n ní Ìlọrin kó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. A gba òmíràn, 230 ni.

Ti bàbá ò dì, kò sì ní ibà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi àyẹ̀wò hepatitis B, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, kún un, ó wà lára wọn. Mo kọ ìwé fún wọn pé kí wọ́n gba ilé ìwòsàn ńlá Gwagwalada lọ.

Wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. "Ìyáàfin, ìgò kan ṣẹ́kù. Ṣé kí n mu ún tán, kí owó má ṣòfò?"

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo dà á sí gọ́tà.