Marco temporal: níbo lẹ wà ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1988?

Tó bá ti di ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Brazil, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ "marco temporal". Èdè Potogí ni. Marco ni àmì ààlà, irú iṣẹ́ tí pèrègún ń ṣe láàárín oko méjì. Temporal ni ti àsìkò. Pèrègún ni lóòótọ́, àmọ́ inú kàlẹ́ńdà ni wọ́n gbìn ín sí.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1988 ni òfin ìpìlẹ̀ tí Brazil ń lò báyìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀ka 231 rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé láti ìran wọn wá: ìjọba àpapọ̀ ló ni ín lórúkọ, àwọn ni yóò máa lò ó títí láé. Àwọn alátìlẹ́yìn marco temporal wá ní: ó dáa, ṣé orí ilẹ̀ yìí lẹ wà lọ́jọ́ yẹn gan-an? Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni Joenia Wapichana, ọmọ ẹ̀yà Wapichana láti ìpínlẹ̀ Roraima ní àríwá. Ọdún 1997 ló gboyè nínú ìmọ̀ òfin, òun sì ni obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní Brazil. Ní 2008, ẹjọ́ ilẹ̀ Raposa Serra do Sol, tó ju hẹ́kítà mílíọ̀nù 1.6 lọ, dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Àwọn olóko ìrẹsì ńláńlá wà lórí ilẹ̀ náà, wọn ò sì fẹ́ kúrò. Joenia kun ojú, ó dúró níwájú àwọn adájọ́, ó kọ́kọ́ fi èdè Wapichana bá wọn sọ̀rọ̀ kó tó bọ́ sí Potogí. Kò sí lọ́yà ọmọ ìbílẹ̀ kankan tó ti rojọ́ níbẹ̀ rí.

Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ jàre ní oṣù kẹta 2009, àwọn olóko ìrẹsì sì kó ẹrù wọn. Àmọ́ egungun wà nínú ẹja náà. Inú ìdájọ́ yẹn gan-an ni àwọn adájọ́ ti fi ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 1988 ṣe òṣùwọ̀n. Kò pa àwọn ará Raposa lára, torí wọ́n wà lórí ilẹ̀ wọn lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹlòmíì ló wá gbé e dìde lórí àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò fi sí níbẹ̀? Wọ́n ti fi ìbọn lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò kó tó di 1988. Àwọn alátìlẹ́yìn marco temporal ní àyè kan ṣí sílẹ̀: ẹni tó bá ń jà fún ilẹ̀ náà, àní ní kóòtù, lọ́jọ́ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ibẹ̀. Kó tó di 1988, òfin ka àwọn ènìyàn yìí sí ẹni tí ìjọba ń ṣe alágbàtọ́ fún. Ẹ̀ka 232 òfin tuntun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí wọ́n lè pe ẹjọ́ fúnra wọn.

Ní oṣù kẹsàn-án 2023, lórí ẹjọ́ ẹ̀yà Xokleng ti ìpínlẹ̀ Santa Catarina, adájọ́ 9 nínú 11 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ta marco temporal nù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí àbá òfin tó dá a padà. Ààrẹ Lula wọ́gi lé e; ní oṣù kejìlá, àwọn aṣòfin dìbò borí ìwọ́gilé rẹ̀, ó sì di òfin. Ọ̀rọ̀ tún di ti kóòtù.

Joenia ti wà nílé ìgbìmọ̀ yẹn rí. 2018 ni wọ́n dìbò yàn án, obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣáájú rẹ̀, Mário Juruna, tí wọ́n yàn ní 1982, tó máa ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri láti ká ìlérí àwọn olóṣèlú sílẹ̀. (Àwa náà ì bá ra ọ̀kan.) Joenia kò wọlé ní 2022, ṣùgbọ́n ní 2023 ó di ọ̀gá FUNAI, àjọ tó ń fi ààlà sí ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀.

Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí àwọn onímọ̀ wọ abúlé lọ, kí wọ́n bi àgbà léèrè ibi tí wọ́n ń sin òkú sí àti odò tí wọ́n ti ń pẹja. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ tán, mínísítà ètò ìdájọ́ á kéde ààlà, ààrẹ á wá buwọ́ lù ú. Bí marco temporal bá dúró, wọ́n á tún ní láti bi àgbà náà ibi tó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan ní 1988.